Ọ̀nà Ìbaaka Létí Odò Potomac

Lọ́jọ́ ìdìbò, Fọlá Àgòrò a máa di ìlú mìíràn. Danfo kò sí, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kò sí, ẹni tó ní mọ́tò ti tì í mọ́ ọgbà, ọlọ́pàá sì jókòó sí ìkóríta. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọmọdé ti gba gbogbo títì: bọ́ọ̀lù níhìn-ín, kẹ̀kẹ́ háyà lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin kan tí kò tíì mọ bíréèkì í tẹ̀ ń já bọ̀ láti ìhà Àkọkà, ìyá rẹ̀ kò sì pariwo. Àwa tí a dàgbà díẹ̀ rántí pé Sátidé ìmọ́tótó ìparí oṣù náà máa ń rí bẹ́ẹ̀, kí ìjọba Èkó tó fòpin sí ìséde rẹ̀ ní 2016. Bó bá di ọjọ́ kejì ìdìbò, ọkọ̀ á ti gba títì padà, wọn á sì gbé kẹ̀kẹ́ padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú títì ọjọ́ ìdìbò yẹn, kí a nà án títí yóò fi gùn tó ọ̀nà Èkó sí Ìlọrin. Kí a bó ọ̀dà kúrò lára rẹ̀, kí a da òkúta wẹẹrẹ sí i, kí a fi amọ̀ tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kí odò ńlá kan máa ṣàn lọ́wọ́ òsì, kí òkè onígi wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Kí ó ṣófo fún ọkọ̀ lójoojúmọ́, ìdìbò wà o, kò sí o. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà. Ìlú Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ìpínlẹ̀ Maryland lọ ní etí odò Potomac fún máìlì 184 ààbọ̀, ìyẹn kìlómítà 297. Chesapeake and Ohio Canal lorúkọ ọgbà ìjọba tó wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ń gùn ún ń pè é ní C&O.

Maryland kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún wa mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣómólú àti Bàríga ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Bowie, ní Laurel tàbí ní Hyattsville. Ìyá á lọ gbé ọmọ-ọmọ jó, wọn á lo oṣù mélòó kan, wọn á padà wálé. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí: yìnyín, ilé ìtajà, ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà yìí wà nítòsí wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ yí ilé po, ẹnikẹ́ni kò sì mẹ́nu kàn án fún wọn.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo ń sọ o, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí awakọ̀ rẹ̀ ń kígbe pé kí a wọlé pẹ̀lú ṣéńjì. Láàárín àwọn tó ń gùn ún fún ìgbádùn, ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ti di àṣà tuntun, gravel ni wọ́n ń pè é. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́ tó tẹ̀ kọ́rọ́ sísàlẹ̀ bíi ti àwọn asáré-ìje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ sanra, ó máa ń tó mìlímítà 40, ó sì ń di ilẹ̀ mú. Àwọn bàbá wa kò mọ̀ pé àṣà ni àwọn ń dá sílẹ̀: tíṣà, kátíkíìsì àti agbẹ̀bí ló gun kẹ̀kẹ́ Raleigh lórí ọ̀nà oníyangí láti abúlé dé abúlé, ẹnikẹ́ni kò sì fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ. Ní 2006 ni àwọn ènìyàn díẹ̀ kóra jọ ní Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas, fún ìje 200 máìlì lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní 2022, UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún un ní Ítálì. Ọdún yẹn kan náà ni Sule Kangangi, ọmọ Kẹ́ńyà tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ Team Amani, ṣubú nínú ìje kan ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, tó sì kú. Eré náà ní ewu tirẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń fi í díje. Ti etí Potomac kò ní ìje nínú: òfin ọgbà náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni sáré ju máìlì 15 lọ ní wákàtí kan, ẹni tó bá sì fẹ́ yà fún ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ lu aago.

Kànáàlì ni ọ̀nà náà tẹ̀ lé. Bí ẹ bá gbọ́ kànáàlì ní Bàríga, ọkàn yín á lọ sí gọ́tà ńlá tó ń kó omi òjò àti ọ̀rá omi mímu lọ sínú ọ̀sà. Èyí tí wọ́n gbẹ́ létí Potomac, ọ̀nà ọkọ̀ omi ni. Potomac fúnra rẹ̀ kún fún àpáta àti omi tó ń já láti òkè, ọkọ̀ ẹrù kò lè là á kọjá; ni wọ́n bá pinnu láti gbẹ́ omi mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí yóò gba àárín òkè kọjá dé odò Ohio. Ní 4 oṣù keje ọdún 1828, John Quincy Adams, ààrẹ Amẹ́ríkà, mú ṣọ́bìrì láti bu ilẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣọ́bìrì kọlu gbòǹgbò. Ó tún gún un, kò wọlé. Ààrẹ bọ́ kóòtù, ó tún gún un, ilẹ̀ gbà, àwọn èrò sì hó yèè. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ní Baltimore tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n ń fi òkúta ìpìlẹ̀ ojú irin kan lélẹ̀, ibì kan náà ni ojú irin ọ̀hún sì dorí kọ. Ọkọ̀ ojú irin dé ìlú Cumberland ní 1842. Kànáàlì dé ibẹ̀ ní 1850, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ló sì parí sí. Kò dé Ohio láéláé.

Báwo ni omi ṣe ń gun òkè? Yàrá òkúta ni wọ́n kọ́ sójú kànáàlì, onílẹ̀kùn lókè, onílẹ̀kùn nísàlẹ̀. Ọkọ̀ á gba ìsàlẹ̀ wọlé, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn, wọn á wá jẹ́ kí omi òkè máa rọra wọlé bá a. Bí omi ti ń kún ni ọkọ̀ ń ga, títí yóò fi bá omi òkè dọ́gba, wọn á sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ 74 ló wà láàárín Georgetown, tó wà nínú Washington, àti Cumberland. Gbogbo wọn lápapọ̀ gbé ọkọ̀ ga tó mítà 184. Èédú ló pọ̀ jù nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sọ̀kalẹ̀. Ìbaaka ló ń fa ọkọ̀: wọ́n so okùn gígùn mọ́ wọn, wọ́n ń rìn ní etí omi, ọmọdé ló sì sábà máa ń dà wọ́n. Ojú ẹsẹ̀ ìbaaka yẹn ni táyà kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ lónìí.

Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí. Àwọn ará Ireland pọ̀ nínú àwọn tó gbẹ́ ẹ, kọ́lẹ́rà sì pa wọ́n jọ ní 1832. Níbì kan tí odò ti ń ṣe kọ́rọkọ̀rọ láàárín òkè, wọ́n lu òkè náà já dípò kí wọ́n tẹ̀ lé odò. Ihò Paw Paw nìyẹn, 950 mítà lábẹ́ òkè, bíríkì bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Ọdún 1836 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 1850 ni wọ́n parí. Títí dòní, oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ kó rìn, kó sì ní tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, nítorí òkùnkùn inú rẹ̀ kì í ṣe òkùnkùn tí ojú ń mọ́ra sí.

Àkúnya omi 1889 ba kànáàlì náà jẹ́ débi pé iléeṣẹ́ tó ni ín wọ gbèsè, ọwọ́ iléeṣẹ́ ojú irin tó ti ń bá a du iṣẹ́ ló sì bọ́ sí. Àkúnya omi 1924 pa á pátápátá. Ìjọba Amẹ́ríkà rà á ní 1938 ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Nígbà tó ṣe, àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n rí ilẹ̀ gbọọrọ tó tẹ́jú ní etí odò, wọ́n sì sọ ohun tí a máa sọ ní Èkó náà: ibí yìí á dára fún títì. Ìwé ìròyìn Washington Post fọwọ́ sí i.

William O. Douglas ni kò fọwọ́ sí i. Adájọ́ ni, ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìíní ọdún 1954 ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà, ó ní kí olóòtú wọn wá bá òun fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tó sọ pé kí wọ́n da ọ̀dà sí i. Àwọn olóòtú gbà. Ní oṣù kẹta, wọ́n gbéra ní Cumberland, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́jọ rìn dé Washington. Àwọn tó bá wọn bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Mẹ́sàn-án péré ló fi ẹsẹ̀ rìn ín tán, adájọ́ náà wà nínú wọn. Ìwé ìròyìn náà yí èrò rẹ̀ padà. Síbẹ̀ ó di 1971 kí wọ́n tó sọ ibẹ̀ di ọgbà ìtàn orílẹ̀-èdè. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ìjà náà gbà. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lónìí tí kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ kan ṣoṣo, kó mọ̀ pé wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn kí ìdákẹ́jẹ́ náà tó wà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ará ilé wa dúró sí jù lọ lórí ọ̀nà náà tó nǹkan bíi máìlì 60 láti Georgetown. Níbẹ̀ ni odò Shenandoah ti já wọ Potomac láàárín àwọn òkè, ìlú kékeré kan, Harpers Ferry, sì jókòó sí orí ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù láàárín odò méjèèjì. Ọ̀nà ìbaaka kò wọ inú ìlú náà. Ẹ ó gbé kẹ̀kẹ́ gun àtẹ̀gùn, ẹ ó sì ti í kọjá lórí afárá ojú irin tí wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìpínlẹ̀ West Virginia lẹ bọ́ sí yẹn.

Ní alẹ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1859, John Brown, òyìnbó kan tí kò lè fara mọ́ òwò ẹrú rárá, gbéra láti oko kan ní ìhà Maryland, ó gba afárá wọ ìlú yìí láti gba ilé ìkóhun-ìjà ìjọba, kó lè pín ìbọn fún àwọn ẹrú. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò ju 21 lọ. Aláwọ̀ dúdú márùn-ún wà nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Dangerfield Newby, ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n Harriet ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ṣì wà lọ́wọ́ olówó wọn ní Virginia. Newby ló kọ́kọ́ kú nínú àwọn ọmọ ogun Brown. Wọ́n bá lẹ́tà Harriet nínú ẹrù rẹ̀, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀ kó wá ra òun padà kí wọ́n tó ta òun sọ́nà jíjìn. Ní 2 oṣù kejìlá, wọ́n yẹgi fún Brown. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà kò pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá tún gun kẹ̀kẹ́ lọ síwájú díẹ̀, ẹ ó dé ẹ̀bá Sharpsburg, níbi tí ìjà Antietam ti wáyé ní 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1862: bí ẹ bá ka àwọn tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí wọ́n wá tì, wọ́n tó 23,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Lincoln kéde pé òun yóò dá ẹrú àwọn ìpínlẹ̀ ọlọ̀tẹ̀ sílẹ̀.

Lórí òkè tó wà lókè ìlú Harpers Ferry, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1867. Storer College lorúkọ rẹ̀. W. E. B. Du Bois àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpàdé níbẹ̀ ní 1906 láti béèrè ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1925, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó dé ibẹ̀ láti Nàìjíríà, kò lówó lọ́wọ́, ó sì ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ láti fi sanwó ilé ẹ̀kọ́. Nnamdi Azikiwe ni, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Zik. Storer ló ti kọ́kọ́ kàwé ní Amẹ́ríkà, kó tó lọ sí yunifásítì Howard ní Washington, lẹ́yìn náà yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania. Nígbà tó padà wálé, Yábàá ló ti dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní 1937, ní òpópónà Commercial Avenue. Láti Fọlá Àgòrò, ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn dé ibẹ̀. Ṣómólú wa yìí, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí ilé ìtẹ̀wé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò tí Zik ti tẹ ìwé tó da òyìnbó láàmú. Ọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ ti kọ́kọ́ gun òkè Harpers Ferry. Storer ti kógbá sílé láti 1955, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èmi kò mọ ibòmíràn tí ará Yábàá lè fi kẹ̀kẹ́ dé nílẹ̀ òyìnbó kó sì bá ìtàn àdúgbò tirẹ̀ níbẹ̀ báyìí.

Ẹ ó ní, kí ni àgbàlagbà ń wá lórí kẹ̀kẹ́ láàárín òkè? Òkè Appalachian kì í ṣe kékeré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbaaka kò lè fa ẹrù gun òkè gbọ̀ngbọ̀n, ọkọ̀ ojú irin pàápàá kò lè ṣe é. Àwọn ẹnjiníà àtijọ́ ni wọ́n gé òkè, tí wọ́n dí kòtò, tí wọ́n lu ihò, kí ọ̀nà lè tẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún èédú ló wá ń sin orúnkún àwọn arúgbó lónìí. Níbi tí kànáàlì parí sí ní Cumberland, ọ̀nà kejì gbà á lọ sí Pittsburgh fún 150 máìlì. Great Allegheny Passage lorúkọ rẹ̀, ojú irin tó ti kú ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n tẹ́ sí i. Ohiopyle ni wọ́n ti ṣí apá àkọ́kọ́ ní 1986. 2013 ni wọ́n parí rẹ̀. Ibi tó ga jù lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 729, níbẹ̀ sì ni òjò ti ń pínyà: èyí tó bọ́ sí ìhà kan á gba Potomac lọ sí òkun Àtìláńtíìkì, èyí tó bọ́ sí ìhà kejì á gba Ohio bọ́ sínú Mississippi. Láti Cumberland, máìlì 24 ni ẹ ó fi gòkè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rin ọgọ́rùn-ún mítà, ẹ kò gòkè tó mítà méjì.

Ní Ṣómólú, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè tó lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò sí ìyá tó máa ní kí ọmọ ọdún mẹ́wàá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà Bajulaiye lọ́jọ́ iṣẹ́. Ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé òfin náà sí. Ọkọ̀ ló lé wa kúrò lórí kẹ̀kẹ́, òkè kò sí nínú ẹjọ́ náà rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo ojú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901. Èyí tuntun, kìlómítà 157, ti ń gbé èrò láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta láti 2021. Níbikíbi tí irin àtijọ́ bá ti wá di aláìwúlò pátápátá, ilẹ̀ tóóró tó tẹ́jú yóò ṣẹ́ kù, tí kò gun òkè, tí afárá rẹ̀ sì ti wà. Àwọn onísọ́ọ̀bù á kọ́kọ́ rí i. Mo fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i ṣáájú wọn.

Kí n má tàn yín: gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà ìbaaka a máa di ẹrẹ̀, ẹ̀fọn sì pọ̀ létí omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ó sì ní ibi tí ẹ ó wà á títí, tí ẹ kò ní rí ju igi, omi àti igi lọ. Ẹni tí ariwo Yábàá ti mọ́ lára lè máa wojú aago. Oṣù karùn-ún àti oṣù kẹwàá ló dára jù. Bí ẹ bá ń lọ sí ìhà Pittsburgh, ẹ rántí pé wọ́n máa ń ti ihò Big Savage tó wà lójú ọ̀nà yẹn pa nígbà òtútù. Lẹ́bàá C&O, àgọ́ wà káàkiri tí oníkẹ̀kẹ́ lè sùn fún alẹ́ kan láìsan kọ́bọ̀, pẹ̀lú pọ́ǹpù ọwọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Amtrak ń dúró ní Harpers Ferry àti ní Cumberland, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ wa gbogbo rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Bowie àti Laurel, tí ẹ ń ránṣẹ́ pe màmá wá gbé ọmọ jó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi wọ́n sílé títí wọn á fi padà. Ẹ gbé wọn lọ sí Great Falls lórí ọ̀nà ìbaaka náà lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n rí yàrá omi. Bí orúnkún wọn bá gbà, ẹ háyà kẹ̀kẹ́ fún wọn. Bí kò bá gbà, kí wọ́n rìn ín. Ẹ sì mú wọn dé Harpers Ferry kí wọ́n tó padà. Great Falls nìkan ni wọ́n ti ń gbowó ìwọlé ní gbogbo ọ̀nà ìbaaka náà. Ibi yòókù, ọ̀fẹ́ ni.